Ọmọ Tó Fẹ́ Jókòó Ṣe JAMB: Ohun Tí Òbí Lè Ṣe Kí Ọkàn Rẹ̀ Balẹ̀

Bí ìdánwò JAMB bá ti ku bí oṣù mẹ́ta, gbólóhùn kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu òbí ní Abẹ́òkúta, láti Àṣẹ̀rò títí dé Làfẹ́ńwá: "Má bẹ̀rù, wàá páàsì." Ọ̀rọ̀ tó dára ni, àdúrà sì ni. Àmọ́ kì í lé ẹ̀rù lọ, torí ohun tó ń ba ọmọ lẹ́rù ní orúkọ tirẹ̀. Ó lè jẹ́ aago tó ń ka àkókò sẹ́yìn lójú kọ̀ǹpútà. Ó lè jẹ́ àyọkà Gẹ̀ẹ́sì tó gùn gbọọrọ. Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà kò tíì fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù rí láyé rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ojú tí bàbá rẹ̀ máa fi wò ó lọ́jọ́ tí máàkì bá jáde. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ohun kan wà tí a lè ṣe sí i nílé kí ọjọ́ tó pé. Ohun tí ọmọ bá ti ṣe títí tó fi mọ́ ọn lára, ẹ̀rù rẹ̀ kì í bà á bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, orí ìyẹn ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ìdánwò náà ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ òbí ló ń sanwó rẹ̀ láìmọ̀ ọ́n. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni. Gẹ̀ẹ́sì di dandan fún gbogbo ọmọ, ìbéèrè 60 ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta yòókù gbọ́dọ̀ bá ohun tí ọmọ fẹ́ lọ kọ́ mu, ìbéèrè 40 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì péré ni wọ́n fún un. Máàkì 100 ni sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ibi tí 400 ti wá nìyẹn. Bí ẹ bá pín ìṣẹ́jú 120 sí ìbéèrè 180, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí ọmọ kọ iye yìí sára ògiri. Ọmọ tó bá jókòó ti ìbéèrè kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ti jẹ àkókò ìbéèrè mẹ́rin àti ààbọ̀, inú àwọn tó sì mọ̀ dáadáa ni yóò ti san gbèsè náà.

Wọn kì í pín àkókò náà dọ́gba o. Ìbéèrè Kẹ́mísírì púpọ̀ jẹ́ ohun tí ọmọ mọ̀ tàbí tí kò mọ̀, kì í pẹ́. Ti Ìṣirò gba kíkọ àti kíkà. Ètò kan tó máa ń bá ọmọ sáyẹ́ǹsì lára mu ni kó fún Gẹ̀ẹ́sì ní ìṣẹ́jú 30, Ìṣirò 33, Físíìsì 30, Kẹ́mísírì 20. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 113, ó wá ku ìṣẹ́jú méje tó máa fi padà sí àwọn tó fò. Ọmọ tó ń ṣe Lítíréṣọ̀, Gọ́fúmẹ́ntì àti CRS lè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 25, kó fi 38 sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má gba ètò tèmi bẹ́ẹ̀ ṣá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kó wo ibi tí àkókò ti ń há a, kó tún un pín. Ètò tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò ni yóò rántí nígbà tí àyà bá ń já a.

Ẹ kọ́ ọ láti rin sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìrìn àkọ́kọ́, èyí tó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ni kó dáhùn, èyí tó bá ń fa orí kó fò ó, kó kọjá. Ní ìrìn kejì ni kó padà sí wọn. Ọmọ tó ń ṣe dáadáa níléèwé ni èyí máa ń ṣòro fún jù, torí ó ti mọ́ ọn lára pé kì í fi ìbéèrè sílẹ̀ láìdáhùn. Ó máa ń rò pé ó ti kùnà nìyẹn. Òun ni aago sì máa ń bá ní ìbéèrè 25 nínú 40. JAMB kì í yọ máàkì nítorí ìdáhùn tó kùnà, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ sí èyí tó máa ṣófo nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú kan. Kó yọ méjì tó dá a lójú pé wọn kì í ṣe òun, kó mú ọ̀kan nínú méjì tó kù.

Ẹ̀rọ náà ńkọ́? Láti 2015 ni ìdánwò yìí ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà pátápátá, síbẹ̀ àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni wọ́n máa kọ́kọ́ jókòó síwájú rẹ̀. Bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ni ọmọ nílò, kò nílò máósì rárá. A, B, C àti D ni ti ìdáhùn. N máa ń gbé e lọ sí ìbéèrè tó kàn, P máa ń dá a padà sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. S ni ti kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, R sì ni ti kó yí ìpinnu padà bí ó bá tẹ S lásìkò tí kò yẹ. S yìí gan-an ló ń dá ẹ̀rù sílẹ̀: ọwọ́ ọmọ á ṣì í tẹ̀, ìbéèrè á jáde pé ṣé ó fẹ́ parí, ara rẹ̀ á gbọ̀n, á tún yára tẹ èyí tí kò yẹ. Ọmọ tó bá ti mọ̀ọ́mọ̀ tẹ S níbi ìgbáradì, tó sì fi R padà bí ìgbà mẹ́wàá, kò ní gbọ̀n bó bá ṣẹlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi fóònù ṣe ìgbáradì. Ó dára fún ìbéèrè díẹ̀díẹ̀ nínú márúwá tàbí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, àmọ́ fóònù kò fi kíbọ́ọ̀dù kọ́ni, ojú rẹ̀ kéré, ìfìránṣẹ́ WhatsApp sì ń wọlé sí i. Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà nílé, ẹ sanwó kọ̀ǹpútà fún un ní sàìbà káfẹ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Ọbáńtokò, wákàtí méjì gbáko, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ẹ̀ ń kówó jọ, ibi tí mo máa ní kí ẹ ná an sí nìyẹn kí ẹ tó ra ìwé ìbéèrè àtijọ́ kẹta. JAMB náà máa ń ṣe ìdánwò àpẹẹrẹ fún àwọn tó bá fẹ́ ẹ nígbà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀. Bí àyè rẹ̀ bá yọ, kí ọmọ ṣe é, kì í ṣe nítorí máàkì rẹ̀, bí kò ṣe kó lè rí bí ìloro, ìka títẹ̀ àti ìjókòó ṣe máa ń rí.

Ó wá kan ìwé kíkà. Aṣìṣe tó gbilẹ̀ jù ni kí ọmọ máa ka ìwé kan náà lákàtúnkà, kó máa fi bírò aláwọ̀ ìyeyè kùn ún. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà. Apá kan tún un kà, apá kejì pa ìwé dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ti fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tó ń tan ọmọ jẹ nìyẹn: bó bá kà á tán lálẹ́, á dà bíi pé ó ti mọ̀ ọ́n, torí ojú rẹ̀ ti mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú kíkà, ẹ ní kó pa ìwé dé, kó kọ ohun márùn-ún tó rántí sí bébà lásán, kó tó ṣí i wò. Yóò há a. Híhá yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà.

Ìbéèrè àtijọ́ ní ewu tirẹ̀. Àwọn ọmọ kan ti ṣe ti ọdún kan títí wọ́n fi há lẹ́tà sórí: ìkeje jẹ́ C, ìkẹjọ jẹ́ A. Máàkì wọn ń gòkè nílé, inú òbí ń dùn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kò kúrò níbi tó wà. Ẹ fi bébà bo ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ọmọ kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, kó tó ṣí wọn wò.

Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń tẹnu mọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ìwé àṣìṣe. Ìwé ẹ̀kọ́ olójú-ewé 60 ti tó. Gbogbo ìbéèrè tí ọmọ bá gbà, kó fi sílẹ̀. Èyí tó bá kùnà ni kó kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ìdí tó fi kùnà. Ẹ wo ọ̀kan. Ìbéèrè ní kó wá èlé orí ₦5,000, ní ìdá 4 nínú 100 lọ́dún, fún ọdún 3. Ìdáhùn tí wọ́n fún un: A jẹ́ ₦200, B jẹ́ ₦600, C jẹ́ ₦5,200, D jẹ́ ₦5,600. Ọmọ mú D. Bàbá tó bá yára máa sọ pé kò mọ èlé, á sì ní kó tún gbogbo orí ẹ̀kọ́ náà kà. Àmọ́ ẹ wo bébà tó fi ṣe é: ó kọ 5,000 lọ́nà 4 lọ́nà 3, ó pín in sí 100, ó rí 600. Ó gbà á! Lẹ́yìn náà ló wá fi 600 lé 5,000, torí níléèwé, àpapọ̀ owó ni wọ́n sábà máa ń ní kó wá. Àìmọ̀ kọ́ ló ṣe é, kò ka ìbéèrè dópin ni. Ẹni tó ṣe ìbéèrè náà mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọmọ máa ń ṣubú sí, ó sì ti fi D dè é níbẹ̀. Èlé ọdún kan ni A, fún ọmọ tó gbàgbé ọdún mẹ́ta.

Nítorí náà, oríṣi mẹ́rin ni kí ọmọ máa pín àṣìṣe sí: èkíní, mi ò mọ̀ ọ́n; èkejì, mo mọ̀ ọ́n, àmọ́ mi ò ka ìbéèrè dáadáa; ẹ̀kẹta, mo mọ̀ ọ́n, àmọ́ ìṣirò mi yí; ẹ̀kẹrin, àkókò ló lé mi. Oògùn wọn kò dọ́gba. Ti àkọ́kọ́, ó máa padà sídìí ìwé. Ti èkejì, kó máa tún ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè fẹ́ sọ lábẹ́lẹ̀ kó tó tẹ lẹ́tà: "Èlé ni wọ́n ń bi mí." Ti ẹ̀kẹta, kó lo kakulétọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà nílé kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Ti ẹ̀kẹrin, ètò àkókò ni kó tún ṣe. Bó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ fúnra rẹ̀ á rí i pé oríṣi kejì àti ẹ̀kẹta ló gba ojú ewé jù. Ìwúrí ńlá ni ìyẹn fún ọmọ tó ti gbà pé olódo lòun.

Ibì kan wà nínú Gẹ̀ẹ́sì tí èdè wa máa ń fa ọmọ sẹ́yìn, ìyẹn ni ìbéèrè lórí ìró. Yorùbá kò ní v, kò ní z, kò sì ní ìró tó bẹ̀rẹ̀ "thin". Létí ọmọ wa, "fan" àti "van" fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ni "tin" àti "thin", "sit" àti "seat". Àkọsórí nìkan kò tó, etí àti ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Kí ọmọ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì méjì bẹ́ẹ̀ nínú díkísọ́nárì orí fóònù, kó pè é tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́. Ti "-ed" ní òfin tó rọrùn: "washed" parí sí ìró t, "begged" parí sí d, "wanted" parí sí id. Èyí tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí gbólóhùn bá jẹ́ "The teacher bought a RED car", kó wá ìbéèrè tó yí ọ̀rọ̀ ńlá yẹn nìkan padà, tí kò fọwọ́ kan ìyókù: "Did the teacher buy a blue car?" Èyí tó bá yí olùkọ́ tàbí ọkọ̀ padà kọ́. Ọmọ tó bá mọ èyí máa gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá wà nílẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ máà ní aago rárá, kí ọmọ kọ́kọ́ máa gbà á. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ìbéèrè 90 ní wákàtí kan. Méjì tó tẹ̀ lé ìyẹn, odindi 180 ní wákàtí méjì, ní gbogbo Sátidé. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, kó dín in kù, kó máa ka ìwé àṣìṣe nìkan. Ẹni tó bá fi aago lé ọmọ láti ọjọ́ kìn-ín-ní ń kọ́ ọ láti yára kùnà ni. Láàárín ọ̀sẹ̀, 40 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, kó sinmi mẹ́wàá láàárín wọn, sàn ju wákàtí mẹ́ta tó ń tòògbé lọ.

Mo mọ̀ pé jíjí ọmọ ní aago mẹ́rin ìdájí jẹ́ àṣà tó ti wọ̀ wá lára. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nílò oorun wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá, inú oorun yẹn sì ni ọpọlọ ti ń to ohun tó kà lọ́sàn-án. Bí ẹ bá máa jí i ní mẹ́rin, kó ti sùn ní mẹ́jọ. Ìsọ́ òru mọ́jú ìdánwò ńkọ́? Ẹ̀yin òbí, ẹ lọ bá a gbàdúrà. Ẹ jẹ́ kí òun sùn.

Ẹnu wa náà ń ṣiṣẹ́ nínú ìdánwò yìí. "Ṣé orí méjì ni ọmọ tó gba 300 ní ni?" Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ìbéèrè yìí, kò sì sí èyí tó kọ́ ọ ní Físíìsì. Bí ọmọ bá ní, "Mummy, mi ò rò pé mo lè parí ẹ̀," ẹ má yára ní Ọlọ́run ò ní jẹ́. Ẹ bi í pé, "Èwo lo ti ń pẹ́ jù?" Ìdáhùn rẹ̀ á sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ sì ṣọ́ ẹ̀rù tiyín. Ní 2015, Erin Maloney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ kékeré ní Amẹ́ríkà: àwọn òbí tí ìṣirò ń bà lẹ́rù, tí wọ́n sì ń ran ọmọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀ lemọ́lemọ́, ìṣirò tí àwọn ọmọ wọn kọ́ kò tó ti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà wọ́n sí i. Bí ìṣirò bá ń já yín láyà, ẹ wá ẹlòmíràn tó máa bá a ṣe é. Kí tiyín jẹ́ títọ́jú aago, oúnjẹ àti ìwé àṣìṣe.

Magomágo ńkọ́? Òbí tó sanwó fún "special centre", ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ran ọmọ lọ́wọ́ ṣe magomágo, ti sọ fún ọmọ rẹ̀, láìla ẹnu, pé òun kò gbà pé ó lè ṣe é. Ọmọ máa ń gbọ́ ọ kedere. Ẹ̀rù ìdánwò á wá di méjì: ti ìbéèrè, àti ti kí wọ́n máà mú un.

Ìka ọwọ́ ni ohun mìíràn tó ń da ọkàn ọmọ rú lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà ìforúkọsílẹ̀, òun ni wọ́n máa fi dá a mọ̀ kó tó wọlé. Ọmọ tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí aró àdìrẹ ní Ìtòkú, tàbí tó ń bó ẹ̀gẹ́ fún láfún, awọ ìka rẹ̀ lè ti bó tàbí kó ti dúdú. Kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó máa fi òróró pa ọwọ́ lálẹ́, kó má lé láàlì. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kó fọ ọwọ́, kó nù ún gbẹ, kò gbọdọ̀ sí òróró níbẹ̀. Bí ìka kan bá kọ̀, kó mọ̀ pé wọ́n lè gbìyànjú òmíràn, kó má bẹ̀rẹ̀ ẹkún.

Gbàrà tí JAMB bá ní ó ti yá, ẹ tẹ slip náà, ìyẹn bébà tó ń sọ ọjọ́ àti ibi ìdánwò ọmọ, jáde, méjì. Ẹ ka orúkọ, sọ́bújẹ́ẹ̀tì, ọjọ́, aago àti àdírẹ́sì síta. Ẹ mú ọmọ lọ sí ibẹ̀ ṣáájú, ní aago kan náà tí ìdánwò máa jẹ́. Ọ̀nà Alábàtà ní aago mẹ́fà ìdájí kì í ṣe ọ̀nà Alábàtà ní mẹ́jọ. Làfẹ́ńwá lọ́jọ́ ọjà kì í ṣe Làfẹ́ńwá ọjọ́ mìíràn. Òjò sábà máa ń rọ̀ lásìkò náà, kí slip wà nínú ọ̀rá. Fóònù, aago ọwọ́, bírò àti kakulétọ̀ kò gbọdọ̀ wọlé, ẹ gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ nílé. Kó jẹ ohun tó máa ń jẹ láàárọ̀, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tàbí búrẹ́dì àti ẹyin. Àmàlà láfún lè dúró de ìpadàbọ̀ rẹ̀.

Bó bá ti jókòó, kó wo orúkọ àti sọ́bújẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Bí ohun kan bá yàtọ̀, kó nawọ́ sókè kó tó bẹ̀rẹ̀. Kó mí sínú dé iye mẹ́rin, kó mí síta dé iye mẹ́fà, nígbà márùn-ún; mímí síta tó gùn ju mímí sínú lọ ló ń rọ ìlù àyà sílẹ̀. Sátidé ìgbáradì ni kó ti bẹ̀rẹ̀ èyí. Bí ẹ̀rọ bá dá dúró, kó má tẹ ohunkóhun, kó nawọ́ sókè, kó dúró.

Ọjọ́ tí máàkì bá jáde, ẹ jọ wò ó, ẹ fún ara yín lálẹ́ ọjọ́ kan kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ tó lágbára. Ní 2025, JAMB fúnra rẹ̀ kéde pé àṣìṣe ẹ̀rọ kan ìdánwò àwọn ọmọ 379,997 ní Èkó àti ìlà oòrùn gúúsù, wọ́n sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Kí ìkéde yẹn tó jáde, àwọn kan ti lè jẹ ẹgba, àwọn mìíràn sì ti lè gbọ́ èébú, fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ọdún kan ni máàkì náà fi ń ṣiṣẹ́, ọmọ sì lè tún un jókòó lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwé àṣìṣe yẹn, ẹ má jẹ́ kó jù ú nù: apá púpọ̀ nínú rẹ̀ ni WAEC máa tún béèrè, kó sì mú un dání lọ sí lẹ́sìn (lesson) ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.